Nígbà tí Ẹnu Kò Bá Mọ Adùn Mọ́: Ohun tí Àwọn Oníṣègùn Ṣáínà Ń Sọ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ń se oúnjẹ tà mọ̀ pé ahọ́n wà lára irinṣẹ́ òun. Bí ọbẹ̀ kò bá ní adùn lẹ́nu ẹni tó ń sè é, iyọ̀ á pọ̀ jù, oníbàárà á sì yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Oògùn Ṣáínà sì wà lọ́jà tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo rẹ̀ sàn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà fúnra wọn ń sọ.

Huangdi Neijing, ìwé ìṣègùn wọn tó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún, kọ́ wọn pé ọkàn ló ni ahọ́n, pi ló sì ni ẹnu. Pi ni wọ́n ń pe ẹ̀yà ara kan tó wà lápá òsì ikùn. Wọ́n gbà pé òun ló ń fa agbára jáde nínú oúnjẹ. Bí ọkàn bá tòrò, ahọ́n á mọ ìtọ́wò márùn-ún: kíkan, kíkorò, dídùn, títa àti iyọ̀. Bó bá rẹ pi, oúnjẹ á di igi lẹ́nu.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wo ahọ́n kí wọ́n tó fúnni lóògùn. Bí ohun funfun tó ki bá bò ó, wọ́n á ní ọ̀rinrin ló dí pi lọ́wọ́. Wọ́n lè lo èèpo ọsàn gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní chenpi. Bó bá ní àwọ̀ ìyeyè, wọ́n á ní ooru ló mú inú. Bí ahọ́n fúnra rẹ̀ bá ṣì, tí ojú eyín hàn létí rẹ̀, wọ́n á ní agbára pi ti dínkù. Wọ́n lè lo ginseng, tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ojú Zusanli lábẹ́ orúnkún. Ẹ rí i pé oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ń ta ìgò kan fún gbogbo ènìyàn kò tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Ṣáínà pàápàá o!

Ní ọsibítù, wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ pi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà mọ̀ pé kì í ṣe ahọ́n nìkan. Imú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní adùn. Kòrónà ọdún 2020 fi èyí han ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àìtó zinc, tábà, àtọ̀gbẹ àti oògùn bíi metronidazole náà lè fà á. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ kan ahọ́n, lẹ́yìn náà ṣúgà. Bí ẹ bá mọ méjèèjì, tí ọbẹ̀ kò sì dùn síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ imú.

Ẹ má ṣe mu àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 1993, àwọn dókítà ní Bẹ́ljíọ̀m ròyìn àwọn obìnrin tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo ewé àti egbò Ṣáínà láti fi dín sísanra kù.

Bó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání. Kó tó bọ̀ sípò, ẹ fi ṣíbí wọn iyọ̀, kí ẹlòmíràn sì bá yín tọ́ ọbẹ̀ wò kí ẹ tó gbé e fún oníbàárà.