Gígun Alùpùpù àti Ìgbé-Ayé Àjèjì ní Ìlú Ìbàdàn

(Àròkọ Alálàyé)

Ìlapa Èrò

1. Ìfáárà: ohun tí alùpùpù ń ṣe fún ẹni tí ó wà ní ìlú onílùú.
2. Àwọn àjèjì tí ó wà ní Ìbàdàn.
3. Òfin ojú pópó àti ọ̀rọ̀ ìwé.
4. Ọ̀nà Ìbàdàn àti bí a ṣe ń gùn ún.
5. Ìwà tí ó yẹ kí àjèjì hù sí àwọn ará ìlú.
6. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀.
7. Àgbálọgbábọ̀.

Àròkọ

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú lè máa wo gbogbo nǹkan, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tí ó ń wò. Àjèjì tí ó bá ń jókòó sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ó sì ti gíláàsì rẹ̀ pa, lè gbé Ìbàdàn fún ọdún mẹ́ta kí ó má mọ ju ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ti ẹni tí ó ń gun alùpùpù kò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn tí ó ń pa onílé ni ó ń pa òun náà. Òjò tí ó ń pa onílé ni ó ń pa á. Bí ó bá sì ṣubú, onílé ni yóò gbé e dìde. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àròkọ yìí ni pé àjèjì tí ó bá gun alùpùpù ti fi ara rẹ̀ lé àwọn ará ìlú lọ́wọ́. Bí ó bá fẹ́ gbé láàrin wọn ní àlàáfíà, ó ní láti kọ́ òfin wọn, ọ̀nà wọn àti ìwà wọn.

Ó ti pẹ́ tí àwọn àjèjì ti ń bá àwọn ará Ìbàdàn gbé. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ti wá. Ní ọdún 1967 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí à ń pè ní IITA sílẹ̀ ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ará Lẹ́bánónì ti ń ṣòwò ní Ìbàdàn kí àwọn baba ẹlòmíràn nínú wa tó dáyé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òyìnbó nìkan ni àjèjì. Ará Bẹ̀nẹ̀ tí ó ń mọlé, ará Tógò tí ó ń ránṣọ, àti ará Gánà tí ó ń tún bàtà ṣe, àjèjì ni gbogbo wọn. Àdéhùn tí ó dá ECOWAS sílẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Èkó ní oṣù karùn-ún ọdún 1975, àti èyí tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1979, ni ó jẹ́ kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láì gba físà.

Ìdí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń gun alùpùpù kò ṣòro láti mọ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, epo díẹ̀ ni ó ń mu, ó sì ń kọjá níbi tí ọkọ̀ ńlá ti há. Àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí Ààrẹ Kennedy rán jáde lábẹ́ ẹgbẹ́ Peace Corps bẹ̀rẹ̀ sí í dé Nàìjíríà ní ọdún 1961, nígbà tí ó sì yá, Honda kékeré ni ọ̀pọ̀ wọn ń gùn kiri. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wọn ní Ìbàdàn tí ó yẹ kí gbogbo àjèjì gbọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, ọ̀kan nínú wọn kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú títì ni àwọn ènìyàn ń gbé, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tajà. Káàdì náà bọ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì rí i, inú bí wọn, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin náà fi padà sí ìlú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó kórìíra Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ó lò níbẹ̀, ó rí ojú títì, ṣùgbọ́n kò tíì mọ àwọn tí ó jókòó síbẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ sí i ni, bóyá ì bá mọ̀ pé ìyá tí ó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ ń pariwo bí ọmọdé bá fẹ́ sáré já sí títì.

Òfin ni ohun àkọ́kọ́ tí àjèjì ní láti kọ́. Títí di ọdún 1972, apá òsì ni a ń gbà ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún náà ni a yí i padà sí apá ọ̀tún. Ará Bẹ̀nẹ̀ tàbí ará Tógò kò ní ìṣòro lórí èyí, nítorí apá ọ̀tún ni àwọn náà ń gbà nílé. Ẹni tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni ó ní láti ṣọ́ra. Kì í sábà ṣìnà níbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí, nítorí yóò tẹ̀ lé àwọn tí ó wà níwájú. Àárọ̀ kùtùkùtù tí títì ṣófo ni ó ń gbàgbé, tí yóò yà sí apá òsì bí ẹni tí ó wà ní ìlú rẹ̀.

Akoto ni ó tẹ̀ lé e. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ti fi ọwọ́ líle mú òfin akoto fún ẹni tí ó gun alùpùpù àti ẹni tí ó gbé sẹ́yìn. Nígbà náà, àwọn kan dé igbá, àwọn mìíràn sì dé agolo ọ̀dà kí wọ́n má baà mú wọn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Igbá lè tan ọlọ́pàá jẹ, kò lè tan ọ̀dà títì jẹ. Akoto tí kò bá ní okùn tí a so mọ́ àgbọ̀n kò sì sàn ju igbá lọ, nítorí yóò ṣí kúrò kí orí tó kan ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Kí àjèjì má gun alùpùpù láì ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti nọ́ńbà, kí ó sì tọ́jú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Àwa Yorùbá náà ti jẹ́ àjèjì rí, a sì mọ bí ó ti rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó ẹrù wọn sórí, wọ́n padà wálé. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà àti àwọn mìíràn. Ẹni tí ó bá rántí ọdún méjèèjì kò ní fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣe eré, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fi àjèjì ṣe ẹlẹ́yà.

Lẹ́yìn òfin ni ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí á fi ìrìn ọjọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní Bódìjà ni àjèjì náà ń gbé, ní àdúgbò tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ ní nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1950. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ dákẹ́, ó sì dára fún ẹni tí ó ń kọ́ alùpùpù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé ẹ̀bá ọjà Bódìjà, yóò bá ọkọ̀ tí ó kó iṣu àti pákó, àti àwọn alábàárù tí kò lè wẹ̀yìn nítorí ẹrù orí wọn. Níbẹ̀, òun ni kí ó dúró dè wọ́n. Bí ó bá dé Agbowó, ní iwájú ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa já láti apá méjèèjì. Láti ibẹ̀ ni yóò gba Ṣàngó àti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀, níbi tí Ilé Kòkó, tí wọ́n parí ní ọdún 1965, dúró sí. Ilé gíga náà wúlò fún àlejò, nítorí bí ó bá ṣìnà ní àárín ìlú, kí ó gbójú sókè, yóò mọ ibi tí Dùgbẹ̀ wà. Bí ó bá gba Òkè-Bọ́lá àti Òkè-Àdó, yóò já sí Ring Road, níbi tí pápá ìṣeré tí wọ́n ṣí ní ọdún 1960 wà, èyí tí a wá fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè. Challenge ni yóò kàn lẹ́yìn èyí. Ọ̀nà fẹ̀ níhìn-ín, fífẹ̀ rẹ̀ a sì máa tan ènìyàn sáré. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akérò lè dúró lójijì nígbàkúùgbà láti gbé èrò.

Ìlú olókè ni Ìbàdàn, nítorí náà bíréèkì ni kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fa ti iwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni a fi ń tẹ ti ẹ̀yìn. Ti iwájú ni ó lágbára jù, nítorí bí alùpùpù bá ń dúró, iwájú ni gbogbo ẹrù rẹ̀ ń tẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí a bá fà á lójijì lórí iyanrìn tàbí ilẹ̀ tútù, táyà iwájú yóò yọ̀, yóò sì gbé ènìyàn lulẹ̀. Kí ó lo méjèèjì pọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì ti dẹ eré kí ó tó dé kọ́nà. Òjò àkọ́rọ̀ léwu jù, nítorí pé ó ń po eruku mọ́ epo ọkọ̀ tí ó ti kán sí títì. Bí àgbàrá bá sì bo ojú ọ̀nà, kí ó má wọ̀ ọ́. Àwọn ará Ìbàdàn kò gbàgbé òpin oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya tí ó sì gbé ilé, ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹni tí kò mọ ibi tí gọ́tà wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò lè mọ̀ ọ́n lábẹ́ omi.

Ìwà ni ó gbẹ̀yìn, òun ni ó sì ṣòro jù, nítorí kò sí nínú ìwé òfin. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹni tí ó ń gun alùpùpù fi ń yí epo, òun náà ni ó fi ń di bíréèkì mú. Nítorí èyí, bí ó bá fẹ́ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ọwọ́ òsì ni yóò nà jáde. Kò ní ohun búburú lọ́kàn, ṣùgbọ́n lójú ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ó ti fi owó wọ́ ọ nílẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó ṣí akoto kí ojú rẹ̀ hàn, kí ó kí i pé, “Ẹ kú ọjà o, Ìyá,” kí ó tó fi ọwọ́ ọ̀tún sanwó. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bákan náà ni kí ó má pe mẹkáníìkì tàbí ẹni tí ń lẹ táyà ní orúkọ ṣánṣán bí ó bá jù ú lọ. “Ọ̀gá” tàbí “Bàbá” ni kí ó pè é. Bí àwọn ọmọdé bá sì ń ké “Òyìnbó!” tẹ̀ lé e, èébú kọ́. Kí ó juwọ́ sí wọn, bí ó bá ti dúró tán.

Ìwúlò ìwà yìí kì í hàn títí di ọjọ́ tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀. Ká ní alùpùpù àjèjì náà gbá ọmọ kan ní Agbowó. Èrò yóò pé jọ kíákíá, ohùn yóò sì ròkè. Bí ó bá sá, ẹ̀bi ti di tirẹ̀, ìbáà ṣe pé ọmọ náà ni ó já lu ọ̀nà. Kí ó dúró, kí ó bá wọn gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ tó ọlọ́pàá létí. Ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé tí ó lè dá a sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí ìyá alákàrà bá jáde tí ó ní, “Ẹ fara balẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, kì í sáré,” inú àwọn ènìyàn yóò rọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò lè jẹ́rìí ẹni tí kò kí i rí, tàbí ẹni tí ó ń ta ẹrọ̀fọ̀ sí i láraárọ̀.

Ní àkótán, mo ti ṣàlàyé pé òfin, ọ̀nà àti ìwà ni ohun mẹ́ta tí àjèjì tí ó ń gun alùpùpù ní láti kọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, nítorí a kò mọ ẹni tí yóò di àjèjì lọ́la nínú wa. Ẹni tí ó bá lọ sí Kútọnu yóò bá àwọn zémìjàn tí wọ́n wọ aṣọ yẹ́lò, ẹni tí ó bá sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù yóò tún padà kọ́ bí a ti ń gba apá òsì. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àjò kì í sì í dùn kí onílé má re ilé: lọ́jọ́ kan, àjèjì yóò ta alùpùpù rẹ̀, yóò dágbére. Ìwà tí ó hù lórí rẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò yóò máa fi rántí rẹ̀.