Orin àti Ijó Láàrin Ìyá Àgbà àti Ọmọ-ọmọ

Bí a bá túmọ̀ orúkọ àdúgbò Boribana láti inú èdè Jùlá, ohun tí ó ń wí ni pé eré sísá parí. Àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ni, ní Attécoubé nínú ìlú Àbíjàn, lẹ́bàá ọ̀sà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, katakata wó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, àwọn tí wọ́n rò pé eré sísá ti parí sì tún di ẹrù wọn. Ìjọba kéde pé òun yóò fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní 250,000 fránkì. Owó náà lè gba ilé fún ènìyàn. Kò lè kó àwọn aládùúgbò tí ó ti fọ́nká jọ padà.

Àwọn tí irú ìfọ́nká bẹ́ẹ̀ ń ni lára jùlọ ni àwọn àgbà tí ó ń tọ́ ọmọ-ọmọ wọn. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í ṣe ohun tuntun kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà: bóyá òwò gbé òbí rẹ̀ lọ, bóyá ikú ni. Àwọn ará Èjìgbò mọ èyí dájú, nítorí ó ti ju ìran kan lọ tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Àbíjàn, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń fi ọmọ ránṣẹ́ sílé. Ọmọ náà lè dé pẹ̀lú èdè Faransé lẹ́nu, kí ìyá àgbà má gbọ́ ju Yorùbá lọ.

Níbi tí ọ̀rọ̀ kò ti yé ara wọn, orin ni ó kọ́kọ́ ń yé wọn. Ìyá àgbà á dá orin àlọ́, ọmọ á gbè é. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tí ì lè sọ̀rọ̀ já gaara yóò mọ ibi tí ègbè ti wọlé, láìpẹ́ ọ̀rọ̀ inú ègbè náà yóò sì di ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Lórí èyí ni a lè gbé ètò orin àti ijó kalẹ̀ fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Kò gbà ju àgbàlá kan, ìlù tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti àga fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ìdajì wákàtí tó, nítorí ọmọdé kì í fara balẹ̀ pẹ́, ó sì máa ń tètè rẹ àgbà. Àgbà ni kí ó máa dá orin. Àṣìṣe ńlá ni kí ọ̀dọ́ kan gbé ẹ̀rọ wá, kí ó tẹ orin ìgbàlódé, kí ó sì to àwọn arúgbó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Orin ìgbàlódé kò burú, ṣùgbọ́n ọmọ kò nílò ìyá àgbà kí ó tó kọ́ ọ.

Àgbà náà lè jèrè. Ní ọdún 2003, àwọn oníṣègùn ní Bronx, ní New York, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn 469 tí ọjọ́ orí wọn ju 75 lọ. Nínú gbogbo eré ìmárale tí wọ́n yẹ̀ wò, ijó nìkan ni wọ́n rí pé àrùn ìgbàgbé kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ó ń ṣe é lemọ́lemọ́. Èyí kò fi hàn dájú pé ijó ni ó lé àrùn sẹ́yìn, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le ni ó sábà máa ń jó.

Orin kò sì lè bọ́ ọmọ. Ẹni tí yóò bá dá irú ètò yìí sílẹ̀ fún àwọn tí ó ṣí kúrò ní Boribana ní láti kọ́kọ́ ro ti oúnjẹ, kí ó sì ro ti owó ọkọ̀, nítorí ìyá àgbà tí ó ti dé ẹ̀yìn odi ìlú kò lè pọn ọmọ rìn wá sí agbo ijó.