Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló dé tí olólùfẹ́ orin ṣì ń gbọ́ rédíò nínú ọkọ̀?

Orin kún fóònù fọ́fọ́, síbẹ̀ bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ Èkó bá ti ṣáná sí ọkọ̀, rédíò ló kù tí wọ́n máa tàn. Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ o: rédíò kì í jẹ dátà, ìpè ọ̀gá kì í sì í já orin ibẹ̀ mọ́ èèyàn létí.

Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ náà dá kún un. Lagos Traffic Radio, 96.1 FM, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2012, ń sọ ibi tí ọ̀nà ti dí, orin sì ń wọlé láàárín ìròyìn.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọwọ́ atọ́kùn ètò ni adùn rédíò wà. Orin téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ tò, ó ti mọ èyí tó kàn. Atọ́kùn lè ṣàdédé gbé àpàlà Haruna Ishola tẹ́ ẹ ti gbàgbé síta, kó kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ há sórí afárá Third Mainland, kẹ́ ẹ wá rí i pé awakọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín náà ń mirí sí orin yẹn gan-an.

Àléébù ẹ̀ kò ṣàìsí. Ọ̀nà tààrà ni ìgbì FM ń tọ̀, òkè a sì máa dí i. Bẹ́ ẹ bá ń lọ Ìbàdàn, tÈkó á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣàà, tÌbàdàn á sì gbà á. Ká má tíì sọ ìpolówó àgbo tí kì í tán bọ̀rọ̀!

Ẹ̀yin ńkọ́, FM wo lẹ máa ń tàn?