Fádà Slattery àti Ẹbí tí Ẹ̀jẹ̀ Kò So Pọ̀

Kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ará Mákùn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò bára wọn tan ṣe ń di ọmọ ilé kan, nítorí pé ní ọdún 1872, nígbà tí ìlú kéékèèké ilẹ̀ Rẹ́mọ rí i pé àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ìlú 13 kó ara wọn jọ sí ojú kan fún ààbò, wọ́n sì di Ṣàgámù: Akárìgbò ń bẹ ní Òfin, Èwùsì ń bẹ ní Mákùn, kò sí èyí tí ó sọ orúkọ rẹ̀ nù tàbí tí ó gbàgbé orò baba rẹ̀, síbẹ̀ bí o bá pàdé ọmọ Mákùn lójú ọ̀nà Èkó tí o bi í léèrè ìlú rẹ̀, Ṣàgámù ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìrònú yìí ni mo gbé lọ́wọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà kan ní Èkó, tí àwọn tí ó jáde níbẹ̀ ń pe ara wọn ní ọmọ Finbarr títí irun fi funfun lórí wọn.

Fádà Denis Slattery ni ó dá St. Finbarr's College sílẹ̀ ní 1956. Ọmọ Fermoy ni, ní àgbègbè Cork ní ilẹ̀ Áyálàńdì, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ ajíhìnrere SMA, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Marion Brésillac fi lọ́lẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1856, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ṣáájú. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: Finbarr ni ẹni mímọ́ tí àwọn ará Cork fi ṣe alábòójútó ìlú wọn, orúkọ ilé ara rẹ̀ sì ni fádà náà gbé wá fún àwọn ọmọ Èkó. Láti 1941 ni ó ti dé Nàìjíríà. Ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald, ó sì ti ń fun fèrè rẹfirí lórí pápá. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀, kò tíì ní ilé tirẹ̀. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Paul ní Èbúté-Mẹ́ta ni wọ́n forí pamọ́ sí kí wọ́n tó kọjá sí Akọkà. Ohun mẹ́ta ni Slattery sì fi ṣe òpó rẹ̀, èyíinì ni ìwé, bọ́ọ̀lù àti ìbáwí, bẹ́ẹ̀ ni ó pa ẹ̀kọ́ ìwé pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òbí ń wo iṣẹ́ ọwọ́ bí ohun tí ọmọ tí kò mọ̀wé ń ṣe.

Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ kó Àgùdà Èkó jọ. Kí àlùfáà kankan tó dé rárá ni Padre Antonio, ẹni tí a ti kó lẹ́rú rí, tí ó sì ti Bùràsíìlì padà wálé, ti ń kó àwọn ènìyàn jọ fún àdúrà, débi pé nígbà tí Fádà Borghero ti ẹgbẹ́ SMA bẹ Èkó wò ní 1863, ìjọ ni ó bá, kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ìjọ tí ó ti mọ bí a ti ń di ara wọn mú láìsí àlùfáà kò ní ṣàì mọ bí a ti ń tọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n ní tèmi o, n kò gbà pé ìsìn nìkan ni ó so àwọn ọmọ Finbarr pọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ Àgùdà ni ó mọ ìgbà tí a ń kúnlẹ̀ àti ìgbà tí a ń dìde. Ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Áńgílíkà kàn ń wo ojú ẹlòmíràn ni. Lórí pápá, kò sí àlejò. Ìdíje Principals' Cup, níbi tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama Èkó ti ń figagbága, ni ó sọ orúkọ Finbarr di ohun tí tẹrú-tọmọ mọ̀, àwọn tí wọ́n sì máa ń fẹ́ fẹ̀yìn wọn balẹ̀ jù ni St. Gregory's, tí ó ti wà láti 1928, tí í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ Àgùdà bíi tiwọn gan-an. Bí ìjọ bá ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ta ni ì bá máa bá ọmọ ìjọ rẹ̀ jà tó bẹ́ẹ̀ nítorí ife? Ọmọ mọ́kànlá péré ni ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè gbá a rárá, tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí ó ń pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, ní ìpín tirẹ̀ nínú ayọ̀, ó sì ní ìpín tí ó tilẹ̀ tóbi jù nínú ẹkún. Lójú mi, ọjọ́ tí a fìdí rẹmi ni ó ń so ènìyàn pọ̀ ju ọjọ́ tí a borí lọ, nítorí pé ẹlẹ́yà tí a jọ jẹ kì í tètè kúrò lára. Láti inú ọgbà yìí ni Henry Nwosu ti jáde, tí ó wà nínú àwọn tí ó gba Ife Áfíríkà ní 1980. Ibẹ̀ náà ni Stephen Keshi ti jáde, tí ó ṣe balógun àwọn tí ó gbà á ní Tùníṣíà ní 1994, tí ó sì tún gbà á gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni ní Gúúsù Áfíríkà ní 2013. Àwa ará Rẹ́mọ tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife líìgì Nàìjíríà fún ní 2025 kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ìkẹ́nnẹ́ tí mo dárúkọ yìí ni ó jẹ́ kí ọkàn mi túbọ̀ le lórí ohun tí mo wí. Ní 1956 kan náà, ní oṣù January, ni Tai Solarin fi ipò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ kí ìsìn wọ inú ẹ̀kọ́, tí òun àti Sheila aya rẹ̀ sì dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Orúkọ ọkọ̀ òkun tí ó gbé àwọn ará Ìlú Ọba kan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 ni ó fi sọ ọ́. Ẹ wo àwọn ọkùnrin méjì: ọ̀kan wọ aṣọ àlùfáà, èkejì wọ ṣòkòtò péńpé, ó sì ń sọ ní gbangba pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ní Mayflower, oko ni pápá wọn: àwọn ọmọ ń dá oko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé tí wọn yóò sùn, ọmọ Mayflower sì ń bẹ títí di òní olónìí tí ń fi orúkọ náà yangàn bí ọmọ Finbarr ti ń fi tirẹ̀ yangàn. Iṣẹ́ tí a jọ ṣe, òfin kan náà tí ó mú ọmọ olówó tí ó sì mú ọmọ tálákà, àti ọ̀gá tí ó mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan: àwọn wọ̀nyí ni mo rí ní ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, ẹ̀kẹta wọn kò sì ṣeé ṣe níbi tí èrò bá ti pọ̀ jù.

Èrò sì pọ̀ lóòótọ́. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ, nígbà tí Jakande sì di gómìnà Èkó ní 1979, ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Àwọn àgbà Finbarr a máa dárò àkókò yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò lè san owó ni ó fi àǹfààní rẹ̀ mọ̀wé. Ní 2001 ni ìjọba Èkó dá Finbarr padà fún ìjọ Àgùdà.

Ohun tí kò já ní gbogbo àkókò náà ni ẹgbẹ́ àwọn tí ó ti jáde. Ọdún wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń pín ara wọn sí sẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi orúkọ sẹ́ẹ̀tì náà ṣèpàdé, ṣèyàwó, ṣòkú, gẹ́lẹ́ bí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, tí ń fi aṣọ ẹgbẹ́ yọ síwájú ààfin Awùjalẹ̀ níjọ́ ọdún Ojúde Ọba. Ìwà jọ̀wà ní ń jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó kù, àwọn sẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ni ó kàn jù, nítorí pé láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti padà sọ́wọ́ ìjọ ni sísan owó ti padà pẹ̀lú, àti pé ọmọ ìyá olóbì kan ní Ṣàgámù níbí, tí orí rẹ̀ pé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè gbá bọ́ọ̀lù dé ibi tí Keshi gbá a dé, owó ni yóò dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ẹ̀yà tàbí ìjọ rẹ̀.