Oúnjẹ Jàpáànì àti ti Kòríà Lábẹ́ Òrùlé Kan

Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tí kò bá jókòó ti àwo ẹlòmíràn rí ṣe máa ń rò pé lẹ́yìn iyán tí í ṣe oúnjẹ, àti ọkà tí í ṣe oògùn, kò tún sí ohun tí ó lè dúró ní ikùn ọmọ ènìyàn. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n tẹ̀dó sí ìpínlẹ̀ Maryland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní àǹfààní láti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní ìgbèríko ìlú Baltimore, pàápàá ní Ellicott City, àwọn ilé oúnjẹ tí ń ta ti Jàpáànì àti ti Kòríà pa pọ̀ wà káàkiri. Ẹ má retí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí ọgbà olódòdó: láàárín ìsọ̀ ìfọṣọ àti ìsọ̀ onídìrí ni irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà, pẹ̀lú gbàgede tí a ń gbé ọkọ̀ sí níwájú. Àwọn ará Kòríà pọ̀ ní agbègbè náà tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi sọ apá kan ọ̀nà Route 40 ní Korean Way ní ọdún 2016.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì yóò ṣe kàyéfì bí orúkọ wọn ṣe wà lára pátákó kan náà. Ní 1910 ni ìjọba Jàpáànì gba ilẹ̀ Kòríà mọ́ tirẹ̀, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ogun àgbáyé kejì fi parí ní 1945. Láàárín àkókò náà ojú àwọn ará Kòríà rí màbo, débi pé a fi ipá mú púpọ̀ nínú wọn láti pa orúkọ ìdílé wọn tì kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ Jàpáànì. Ọgbẹ́ náà kò tí ì jinná tán títí di òní. Báwo ni oúnjẹ ẹni tí ó jẹ gàba àti ti ẹni tí a jẹ gàba lé lórí ṣe wá wọ inú ilé ìdáná kan?

Àtijẹ àtimu ni ó fà á. Òfin wíwọ̀lú tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní 1965 ni ó ṣí ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà fún àwọn ará Éṣíà, àwọn ará Kòríà sì bá a wọlé. Púpọ̀ nínú wọn kò rí iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe, ni wọ́n bá dá òwò tiwọn sílẹ̀: ilé ìfọṣọ, ìsọ̀ èso, ilé oúnjẹ. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1980, àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ti ń fẹ́ràn sushi, ìyẹn ìrẹsì àwọn ará Jàpáànì tí a fi ọtí kíkan, ṣúgà àti iyọ̀ sí, tí a wá gbé ẹja lé lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ nípa Kòríà kò ju ogun tí àwọn ọmọ wọn lọ jà níbẹ̀ láti 1950 dé 1953. Oníṣòwò ọlọ́gbọ́n wo ibi tí ojú ọjà kọ sí: ó kọ orúkọ Jàpáànì síta gàdàgbà, ó fi ẹja síwájú, ó sì fi ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ sí ojú ewé tí ó gbẹ̀yìn nínú ìwé oúnjẹ. Èmi kò rí ẹ̀bi kankan nínú èyí. Ẹni tí ó gbé ọmọ pọ̀n wọ ìlú onílùú gbọ́dọ̀ wá ohun tí àwọn méjèèjì yóò jẹ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tí a ń jẹ ẹ́ mọ ọwọ́ tí ó sè é.

Ọwọ́ yìí a sì máa fara hàn kí oúnjẹ tí a béèrè tó dé. Bí ẹ bá ti béèrè oúnjẹ Kòríà, agbáwo yóò to àwọn àwo kéékèèké kalẹ̀ síwájú yín: ẹ̀fọ́ bíbọ̀ tí a fi òróró yànmọ̀tí pa lójú, ẹja wẹ́wẹ́ dídín, ànàmọ́ tí a sè pẹ̀lú ṣúgà, àti kimchi tí kì í wọ́n níbẹ̀. Banchan ni wọ́n ń pè wọ́n. A kì í sábà gba owó lórí wọn, bí wọ́n bá sì tán, a óò bù sí i. Kábéèjì ni olórí kimchi: a ó fi iyọ̀ rẹ ẹ́, a ó ṣàn án, a ó fi ata gbígbẹ, aáyù, atalẹ̀ àti omi ẹja oníyọ̀ ra á láti ewé dé ewé, a ó sì dé e mọ́lẹ̀ kí ó kan. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata yìí ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1500 ni ó tó dé Kòríà, bí ó ti bá ọkọ̀ àwọn Pọtogí dé etíkun tiwa náà. Kí òtútù tó mú, ẹbí àti aládùúgbò a máa péjọ láti ṣe kimchi tí yóò gbé wọn la ọyẹ́ já, àjọ UNESCO sì ka àṣà yìí mọ́ ohun àjogúnbá aráyé ní 2013.

Nínú ọbẹ̀ wọn, èyí tí a fi doenjang sè ni ó wù mí jù. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń jẹ́ kí ó kan fún oṣù púpọ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ yóò rántí irú wooro, kò sì ní béèrè ìdí tí àwọn ará Kòríà fi fẹ́ràn rẹ̀ nínú ọbẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ ẹran, bulgogi ni kí ó béèrè, ẹran màlúù pẹlẹbẹ tí a ti rẹ sínú omi sóyà, ṣúgà, aáyù àti èso píà, tí a ń yan lórí ààrò tí a kọ́ mọ́ àárín tábìlì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ràn èèpá ìdí ìkòkò, kí ó béèrè bibimbap inú àwo òkúta. Àwo náà yóò gbóná débi tí ìrẹsì yóò máa ta pàrà-pàrà bí wọ́n ti ń gbé e bọ̀. Ẹ̀fọ́ ló yí i ká, karọ́ọ̀tì níhìn-ín, ẹ̀hù ẹ̀wà lọ́hùn-ún, ẹyin sì wà láàárín. Ẹ fi ata inú ago sí i níwọ̀n, ẹ rò ó pọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ṣùgbọ́n ẹ fi ìrẹsì tí ó wà nídìí sílẹ̀ díẹ̀ kí ó lè gan. Ẹ má fọwọ́ kan àwo náà.

Ẹja tí iná kò kàn ni ó ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lẹ́rù ní apá ti Jàpáànì. Àwọn tí ń mójú tó oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀ pé kí a fi ọ̀pọ̀ ẹja tí a ó jẹ bẹ́ẹ̀ sínú òtútù tí ó tó òdo dín 20 lórí ìwọ̀n Celsius fún ọjọ́ 7, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Síbẹ̀ kí aboyún má jẹ ẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè jẹ tempura, edé àti ẹ̀fọ́ tí a rì sínú ìyẹ̀fun pípò kí a tó dín in, ọgbọ́n tí àwọn Pọtogí kan náà mú dé Jàpáànì. Adùn inú omi ọbẹ̀ wọn kò sì ṣàjèjì sí wa rárá: ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda ni ó yọ ọ́ jáde láti inú ewé òkun ní 1908, ní ọdún kejì ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní orúkọ Ajinomoto, tí àwọn ìyá wa ti ń fi sọbẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ọmọ tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ní í bá àgbà jẹun. Níwájú àwọn ará Kòríà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó dàgbà jù kọ́kọ́ gbé ṣíbí, ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì gba ife bí àgbà bá ń bu ohun mímu fún yín. Àwọn ará Jàpáànì a máa gbé àwo ìrẹsì sún mọ́ ẹnu. Àwọn ará Kòríà a máa fi tiwọn sílẹ̀ lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kan ni lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì láti gún igi ìjẹun dúró ṣánṣán sínú ìrẹsì, nítorí òkú ni a ń gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ ṣí ìwé oúnjẹ náà dé ojú ewé tí ó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì bi agbáwo léèrè ọbẹ̀ tí àwọn alásè fúnra wọn máa ń jẹ bí ọjà bá dá. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí ẹ bá sì ń san owó, ẹ fi owó tí ó tó 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún agbáwo, nítorí ní Amẹ́ríkà, owó yìí ni púpọ̀ nínú wọn fi ń gbọ́ bùkátà ilé.