Ìgbà Wo Ni Òfin Gbà Wá Láyè Láti Fi Agbára Gbèjà Ara Wa?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ń ra irè oko, iṣẹ́ yín a máa gbé yín dé ibi tí ọlọ́pàá kò sí nítòsí. Ẹlòmíràn ń dá sùn nínú abà nígbà ìkórè; ẹlòmíràn ń gbé owó lọ sí ọjà abúlé láti ra kòkó, ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà. Àdá kì í jìnnà sí ọwọ́ àgbẹ̀, ìbọn ṣakabùlà sì wà ní kọ̀rọ̀ ilé ọ̀pọ̀ ọdẹ. Nítorí náà ó yẹ kí olúkúlùkù mọ̀, kí ọjọ́ ibi tó dé, ibi tí òfin gbà wá láyè dé àti ibi tí àyè náà pin sí.

Ẹ gbọ́ ohun tó dé bá àgbẹ̀ kan ní agbègbè Numan, ní Ìpínlẹ̀ Adamawa. Ní ọdún 2015 ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti darandaran kan nínú oko. Àgbẹ̀ náà sọ pé darandaran náà ló kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gún òun, pé òun já ọ̀bẹ náà gbà, òun sì fi gún un padà. Darandaran náà kú. Ní ọdún 2021 Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Yola dá àgbẹ̀ náà lẹ́jọ́ ikú. Ohun tí ilé-ẹjọ́ wí ni pé nígbà tí ọ̀bẹ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó lè sá lọ. Ní oṣù Máàṣì ọdún 2025 Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn sí i, nígbà tó sì di oṣù Disẹ́mbà ọdún kan náà, Gómìnà ìpínlẹ̀ náà dárí jì í. Ìjà tí kò pẹ́ rárá ni, ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún 10 kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó tán.

Kí wá ni òfin wí? Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 33, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀. Abala kan náà gbà pé ènìyàn lè lo agbára tó bá yẹ, níwọ̀n tí òfin yọ̀ǹda, láti gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìwà ipá, àti láti dáàbò bo dúkìá. Ìwọ̀n yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ní ìhà Gúúsù, Criminal Code sọ ọ́ ní abala 286. Bí ẹnì kan bá kọ lù yín láìjẹ́ pé ẹ tọ́ ọ níjà, ẹ lè lo agbára tó tó láti lé e sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n agbára náà kò gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tó lè pa á tàbí ṣe é léṣe ńlá, àfi bí ìkọlù rẹ̀ bá mú yín bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá pẹ̀lú ìdí tó múná dóko, tí ẹ kò sì rí ọ̀nà mìíràn láti gba ara yín là. Ẹni tó bá sáré wá gba ẹlòmíràn sílẹ̀ ní irú ẹ̀tọ́ kan náà.

Ní ìhà Àríwá, Penal Code tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960 ni ìpìlẹ̀. Òun náà kò gbà kí ìpalára ju bó ti yẹ lọ, ó sì fi kún un pé bí àyè bá wà láti ké sí àwọn aláṣẹ, ẹ̀tọ́ àtifi ọwọ́ ara ẹni gbèjà kò sí. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti tún òfin tiwọn ṣe, bí Èkó ti ṣe ní ọdún 2011. Kí oníṣòwò tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Kano má ṣe rò pé òfin kan náà ló ń bá òun lọ.

Ìbéèrè mẹ́rin ni àwọn adájọ́ a máa bi. Ta ló dá ìjà sílẹ̀? Ǹjẹ́ ewu ikú tàbí ìpalára ńlá wà lójú ẹsẹ̀? Ǹjẹ́ ọ̀nà wà láti sá àsálà? Ǹjẹ́ ó di dandan kí a gba ẹ̀mí? Ẹni tó bá tọ́ ìjà, tí kò sì kọ́kọ́ jáwọ́ kó fà sẹ́yìn bó ti lè ṣe é tó, agbára káká ni òfin fi lè gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí ẹnu iṣẹ́ wa. Bí olè bá gbé àpò kòkó yín tó ń sá lọ, ẹ lè lé e, kí ẹ sì gba àpò náà. Ṣùgbọ́n Criminal Code kò gbà kí ẹ torí ẹrù nìkan ṣe é léṣe. Bí ó bá yíjú padà tó yọ àdá sí yín, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹrù, ó di ti ẹ̀mí. Bí ẹ bá wá mú un, tí ẹ dè é lókùn, ewu ti tán: ẹni tó bá lù ú pa lẹ́yìn èyí ti pa ènìyàn ni. Ìgbẹ̀san kì í ṣe ìgbèjà. Bẹ́ẹ̀ ni ìbọn tí a dẹ sílẹ̀ nínú oko kò mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ tó wá ṣa igi. Kò lè wọn ewu kó tó yìn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìbọn ṣakabùlà pàápàá gbọdọ̀ ní ìwé àṣẹ.

Bí ibi bá ṣẹlẹ̀, ẹ má sá, ẹ má sì fi ohun ìjà pamọ́. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín, ẹ fi ọgbẹ́ yín han dókítà, kí ẹ sì mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn. Òfin fún yín láyè láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí agbẹjọ́rò. Ẹni tí kò ní owó lè tọ Legal Aid Council lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀ ń gbèjà ara yín ni, kí ẹ sì sọ ewu tí ẹ rí. Nígbà tí ẹ̀rí bá ti fi èyí hàn, ọwọ́ ìjọba ló kù sí láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ má dá nìkan gbé owó rin ọ̀nà òru. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ààlà oko àti ti ẹran tó jẹ oko dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tàbí ọlọ́pàá kó tó di ìjà. Àpò kòkó tó bọ́ lọ́wọ́ wa lónìí, igi kòkó yóò tún so òmíràn. Ẹ̀mí kò ní igi tó ń so ó.