Ajá Yín àti Káàdì Ìlera Yín

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá onílé, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ajá ilé wọn bù jẹ wá bá mi ní ilé ìwòsàn wa ní Mushin. Ó na káàdì adójútòfò ìlera sí mi, ó ní: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, a mà ti sanwó ọdún yìí!" Ṣùgbọ́n ètò náà kì í san owó abẹ́rẹ́ dìgbòlugi mọ́. Àpò ara rẹ̀ ni ó fi rà á.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2022 ní kí olúkúlùkù ní adójútòfò ìlera. Síbẹ̀, ohun tí ètò kan ń san lè yí padà. Kí ẹ tó tún owó san, ẹ bi wọ́n pé: Kí ni ẹ fi kún un? Kí ni ẹ yọ kúrò? Èló ni yóò kù sí mi lọ́rùn?

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì wá gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ní ti ajá fúnra rẹ̀, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún lọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Owó abẹ́rẹ́ ajá kò tó owó abẹ́rẹ́ ọmọ.